Wáyà Tó Lọ sí Kàdúná

Bí ẹnì kan bá wà ní yáàdì ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́jà ní ọdún 1978 tó mọ Yorùbá kọ sílẹ̀, Bámiṣayé ni. Kì í ṣe pé àwọn yòókù kò lọ sílé ìwé. Àmọ́ tíṣà tó kọ́ Bámiṣayé ní abúlé wọn ní ilẹ̀ Oworo kì í fi àmì ohùn ṣeré. Bí ọmọ bá kọ "igba" sílẹ̀ láìfi àmì sí i, tíṣà á kọ́kọ́ bi í pé ṣé igbá ni àbí ìgbà, pàṣán ni yóò sì fi parí ìbéèrè náà. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yáàdì ń wá akọ̀wé, wọn kò wá a jìnnà. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́fà, ó sì ń gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹni tó mú un wọ yáàdì ni Bàbá Kàrímọ́tù. Ọmọ Oworo ni bàbá náà, Mùsùlùmí ni, àdúgbò Kabawa ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró sí iwájú ọkọ̀, kó máa fi ọ̀pá gígùn wọn omi, kó sì máa ké e sókè fún awakọ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, dúró! Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, tí iyanrìn sì ń ṣí kiri lábẹ́ omi, ohùn rẹ̀ nìkan ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Nígbà tí Bámiṣayé kó wá láti abúlé pẹ̀lú ẹ̀wù kan ṣoṣo lọ́rùn, ilé bàbá yìí ló sùn fún ọdún méjì, abọ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ń jẹun.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni bàbá. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á síṣẹ́, ojoojúmọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń parí nínú ìwé wọn. Àwọn olówó oṣù bíi Bámiṣayé ní pẹ́ńṣàn lẹ́yìn iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò ní nǹkan kan. Ojú bàbá ti wá ń ṣú, yáàdì sì ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé gbogbo òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó ti dàgbà yóò lọ sílé ní òpin oṣù Kejìlá.

Ọdún náà ni ìjọba ológun ní kí àwọn olóṣèlú padà sẹ́nu iṣẹ́. Kíá ni ẹgbẹ́ òṣèlú hù bí olú. Ọ̀kan nínú wọn wà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, Kàdúná ni wọ́n sì ti fẹ́ dìbò yan ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ lórúkọ ẹgbẹ́. Àwọn méjì ló ń jìjàdù. Èkíní jẹ́ amòfin kan tó ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rojọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Amòfin náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Èkejì jẹ́ ọlọ́rọ̀ tó ń ṣe kọ́ńtíráàtì ọ̀nà àti afárá, òun ni wọ́n ń pè ní Kọ́ńtírátọ̀.

Amòfin ti kọ àwọn ohun tí òun yóò ṣe sínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Ìlà kẹrin ibẹ̀ ni gbogbo yáàdì mọ̀ sórí: òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá yóò gba pẹ́ńṣàn, títí kan àwọn tí wọ́n ti lé lọ sílé. Bàbá Kàrímọ́tù kò mọ̀wé bíi Kàrímọ́tù ọmọ rẹ̀ obìnrin, síbẹ̀ ó ká ìwé náà sínú fìlà rẹ̀, ó ń gbé e kiri. Kò sí ohun mìíràn níwájú rẹ̀. Bí Amòfin bá wọlé, ọ̀nà wà. Bí kò bá wọlé, ìyẹn náà ti tán.

Ẹni tí wọ́n rán lọ sí Kàdúná ni Sàláhúdéènì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá tajà ní Lọ́kọ́jà nígbà àtijọ́, àwọn ọmọ ilé wọn kò sì padà mọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sí ẹni tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Aṣojú mẹ́rìnlá ló lọ láti gbogbo yáàdì tó wà lójú odò, àwọn mẹ́rìnlá náà sì fi Sàláhúdéènì ṣe aṣáájú. Ibi tó bá yà sí ni gbogbo wọn yóò yà sí. Kí ó tó wọ mọ́tò, òun àti Bámiṣayé ṣe àdéhùn pé bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, Yorùbá ni àwọn yóò fi tẹ wáyà, ìyẹn tẹlígíráàmù, síra àwọn, nítorí pé àwọn ènìyàn Kọ́ńtírátọ̀ ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé sí ibùdó àwọn aṣojú.

Ọ̀rọ̀ délẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, wáyà dé láti Kàdúná:

WON NI KI A FI PENSAN OSISE OJUMO SILE. WON A FI KUN OWO OSU. SE KI A GBA. E DAHUN KIAKIA.

Ó yé gbogbo wọn. Kọ́ńtírátọ̀ ti rí i pé ìbò mẹ́rìnlá lè gbé òun dé ibi tí òun ń lọ. Ó ní kí àwọn aṣojú odò fi Amòfin sílẹ̀, kí wọ́n wá sẹ́yìn òun, òun yóò sì fi kún owó àwọn olówó oṣù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbàgbé ìlà kẹrin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣe ìpàdé ní ṣẹ́ẹ̀dì àwọn káfíńtà. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló jókòó sórí pákó àti ayùn, Nupe, Ìgalà, Ẹbìrà, Yorùbá, gbogbo wọn. Àwọn olówó oṣù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ẹni tó bá rí tirẹ̀ gbà báyìí gbà á, pé Ọlọ́run yóò ṣe ti àwọn yòókù. Àwọn kan mirí sí i. Bàbá Kàrímọ́tù jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wo ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi etí ríran.

Bámiṣayé dìde. Ẹnu rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù," ni ó wí, "ta ló ń wọn omi fún yín? Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ṣé owó oṣù yín ló máa sọ̀kalẹ̀ tì í? Bí a bá fi àwọn àgbààgbà wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí ẹ̀kún owó, kí ẹnikẹ́ni má pè wá ní ẹgbẹ́ mọ́. Kí wọ́n máa pè wá ní àwọn tó rí tiwọn gbà."

Ariwo sọ. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, àwọn náà sì pariwo tiwọn. Nígbà tí alága ní kí ẹni tó bá kọ̀ ọ́ na ọwọ́, ọwọ́ mọ́kànlélógójì ló gòkè, títí kan ọwọ́ ẹni tó ní kí wọ́n gbà á. Bàbá Kàrímọ́tù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Inú Bámiṣayé dùn débi pé kò tètè rí ọ̀nà ilé.

Nílé, Sarah ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bu oúnjẹ fún un, ó ní:

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Comfort. Bàbá yẹn tọ́ sí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oṣù Kìíní ni Comfort ń wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, a ò tí ì ra àpótí rẹ̀. Ẹ̀kún owó yẹn ni mo ti ń fojú sí."

"Ọlọ́run á pèsè," ni Bámiṣayé wí. Ó jẹun tán, ó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpótí náà kò jẹ́ kó tètè sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Tẹlifóònù wọn ti kú láti ọjọ́ Ajé, wáyà nìkan ló kù. Ó mú fọ́ọ̀mù, ó fara balẹ̀ kọ èsì náà bí tíṣà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó fi àmì sí orí lẹ́tà tí ó yẹ kí àmì wà: A ò gbà. Ohùn gbogbo wa ni. Bámiṣayé. Ó kà á, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn pé ó ṣe ṣókí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi.

Rebecca ló jókòó nídìí ẹ̀rọ wáyà, ọmọ Ìgalà láti Ìdàh. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó wò ó, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Oga Secretary," ni ó wí, "dis small small stick wey you put for head, machine no dey carry am o. Na only letter e dey carry."

Bámiṣayé dúró. Ènìyàn bíi mẹ́fà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń wúkọ́ pé kó ṣe kíá. Ó wo fọ́ọ̀mù náà. Nǹkan kan kọjá lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún un láyè. Lójú fèrèsé, ní òdìkejì ọ̀nà, ọkùnrin Hausa kan ń to àwọn àpótí onírin síta ìsọ̀ rẹ̀, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ pupa.

"Leave am," ni ó wí. "Person wey hear Yoruba go know."

Rebecca tẹ̀ ẹ́.

Ní alẹ́ Sátidé ni rédíò sọ ọ́. Kọ́ńtírátọ̀ wọlé, ìbò mẹ́sàn-án ló sì fi ju Amòfin lọ. Ẹni tó mọ ìṣirò kékeré yóò mọ̀ pé bí mẹ́rìnlá bá dúró síbi tí wọ́n rán wọn, Amòfin ló wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní yáàdì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sọ: Sàláhúdéènì ti jẹ owó.

Sàláhúdéènì dé lọ́jọ́ Túsìdeè, eruku ọ̀nà ṣì wà ní irun rẹ̀ nígbà tó wọ ṣẹ́ẹ̀dì káfíńtà. Kò dà bí ẹni tó jẹ owó. Ó dà bí ẹni tó sin òkú bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìyẹn? Kí ó tó jókòó ni ẹnì kan ti pè é ní "ɓarawo", olè, láti ẹ̀yìn, òmíràn bi í pé èló ni ó ta bàbá àgbàlagbà fún Kọ́ńtírátọ̀. Bàbá Kàrímọ́tù wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn bíi ti ìjọsí. Kò sí ìwé kankan nínú fìlà rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ rán mi," ni Sàláhúdéènì wí. "Nígbà tí wáyà yín dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. Mo ní ẹ̀yin tí mo fi sílẹ̀ nílé kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ ní ohùn gbogbo yín ni, ta ni èmi tí màá fi ti ara mi ṣe? Mo lọ dìbò, mo sì lọ bú sẹ́kún ní ìdí mọ́tò. Ìwé náà nìyí."

Ó fà á yọ lápò, ó nà án sí Bámiṣayé. "Akọ̀wé, bá wa kà á sókè."

Bámiṣayé gba ìwé náà. Lẹ́tà ńláńlá ló wà níbẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ, kò sí àmì kankan lórí wọn: A O GBA. OHUN GBOGBO WA NI. BAMISAYE. Ohun tó kọ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ohun tó kọ náà ni ẹnu rẹ̀ sì kà.

"A ò gbà. Ohùn gbogbo wa ni."

Ṣẹ́ẹ̀dì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. "Ẹ ti gbọ́!" ni wọ́n ń wí. "A ò gbà la sọ, ó lọ gbà á!" Ẹnì kan ti di Sàláhúdéènì mú ní ọrùn ẹ̀wù. Sàláhúdéènì kò ja ara rẹ̀ gbà. Ó kàn la ẹnu, ó ń wo Bámiṣayé, ó ń wo ìwé náà, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbìyànjú láti tún un kà lọ́kàn.

Ìgbà yẹn ni Bámiṣayé tó rí i. Ó rí i bí ó ṣe wọ ojú Sàláhúdéènì nínú yàrá kan ní Kàdúná. Ojú kan náà tó rí "a ò gbà", tí àwọn ènìyàn fi kọ̀, ó lè rí "a ó gbà", tí wọ́n fi ń ní kí ó gbà á. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rọ kò sì gbé ohùn. Ó tún rí nǹkan mìíràn: bí òun bá dákẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ohun tí ìwé náà sọ láti ẹnu òun. Yóò máa jẹ́ akọ̀wé wọn lọ, Sàláhúdéènì yóò sì máa jẹ́ olè títí yóò fi kú.

Ẹ̀rù bà á. Ó dúró fún ìgbà tó gùn ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn rere dúró lọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ìwé yìí kò sọ ohun tí mo kà. Èmi ni mo kà á bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lè kà á pé 'a ó gbà.' Bí òun ṣe kà á nìyẹn. Kò purọ́, kò jẹ owó. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó ní láti tún un sọ, lẹ́ẹ̀kan ní ohùn kọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ohùn gbà, kí ó tó yé àwọn Yorùbá ibẹ̀. Ti àwọn yòókù le jù bẹ́ẹ̀. Arákùnrin Nupe kan tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà bi í pé, "But which one di paper talk?"

"E talk two," ni Bámiṣayé wí.

"How one paper go talk two?"

Bámiṣayé sọ ti Rebecca pẹ̀lú, pé ó kìlọ̀ fún òun, pé òun dúró díẹ̀ kí òun tó ní kó fi sílẹ̀. Kò sọ ti àpótí.

Àwọn tó pe Sàláhúdéènì ní olè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Bàbá Kàrímọ́tù ló dìde. Ó fi ọwọ́ wá ọ̀nà láàárín àwọn pákó títí tó fi dé iwájú Sàláhúdéènì tí kò tó ọmọ rẹ̀ kejì lọ́jọ́ orí, ó sì ṣí fìlà lórí.

"A ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi," ni ó wí. "Dárí jì wá. Má jẹ́ kí ó pẹ́ nínú rẹ."

Sàláhúdéènì dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn yòókù wá sún mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ gba ẹnu gbogbo ènìyàn, àmọ́ kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n bẹ bàbá tó ti pàdánù ohun gbogbo, tó ti ń rìn lọ síta. Bámiṣayé rántí. Ó sáré bá a lójú ọ̀nà tó lọ sí Kabawa, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku, ó sì kí i ní ìkíni Oworo.

"Òkun o, Bàbá. Ẹ ṣàánú mi."

"Òkun. Dìde, àwọn ènìyàn ń wò ọ́." Bàbá dúró dè é kó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́, mi ò sì fẹ́ bi ọ́ lójú wọn. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn sọ fún ọ pé ẹ̀rọ kì í gbé àmì, tí o dúró, tí o wá ní kó fi sílẹ̀, èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ kó dé Kàdúná?"

Èsì ti wà ní ẹnu Bámiṣayé kí ìbéèrè tó parí. Ó ti sọ ọ́ níwájú ènìyàn mọ́kànlélógójì rí, ó sì dá a lójú nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe fẹ́ la ẹnu, ó tún rí ojú fèrèsé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó rí ọkùnrin Hausa tó ń to àpótí, ó sì rí ara rẹ̀ bó ṣe ń yan aláwọ̀ ewé lọ́kàn fún Comfort. Ó wá òtítọ́ nínú ara rẹ̀ títí, kò bá a níbi tó rò pé ó wà.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Bàbá Kàrímọ́tù dé fìlà rẹ̀ padà.

"Ǹ bá fẹ́ kí o mọ̀," ni ó wí, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá, yáàdì fún un ní ìwé pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ìlà mẹ́ta péré ni, ní èdè Òyìnbó. Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Bámiṣayé ti ń bá a ka gbogbo ìwé tó bá dé sọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó na ọwọ́ láti gbà á. Bàbá rọra ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sápò. Kò bínú, kò sì gbójú sókè.

"Má ṣe ìyọnu," ni ó wí. "Kàrímọ́tù á bá mi kà á."